Ọmú Tí Wọ́n Fi Ewúro Pa

Igi ewúro kan wà ní ẹ̀yìnkùlé Àlùfáà Yẹ̀kínì ní Ìwó tó ga ju òrùlé ilé lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ewúro ẹ̀gbẹ́ ààtàn là ń wí, èyí tí ọmọdé ń dúró nílẹ̀ já. Ewúro inú igbó ni èyí, igi gidi, tí àgbàlagbà lè fẹ̀yìn tì kó má mì. Bí ọyẹ́ bá dé tí ẹnikẹ́ni kò já ewé rẹ̀, yóò tanná funfun, oyin yóò sì bò ó láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi náà kò ráyè tanná. Ràhámọ̀tù, ìyàwó kejì Àlùfáà, kò jẹ́ kó sinmi. Bí ewé bá ti yọ lórí ẹ̀ka báyìí, ó ti já a.

Ẹnì kan náà ló mú Ràhámọ̀tù àti igi yìí wá sí ilé náà. Bàbá rẹ̀ ni, Búráímọ̀, àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà tó fẹ́ràn Ọlọ́run, tó sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn rí i pé òun fẹ́ràn Ọlọ́run. Nínú àwẹ̀ ọdún kan, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀, Àlùfáà Yẹ̀kínì wá ṣe wáàsí ní Olúpọ̀nnà. Wáàsí náà dùn. Ẹnì kan fa àgùntàn sílẹ̀, ẹlòmíràn kó iṣu. Ni Búráímọ̀ bá dìde, ó ní, “Èmi ò ní àgùntàn, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n mo lọ́mọ. Mo fi Ràhámọ̀tù ọmọ mi ṣe sàráà fún Àlùfáà, nítorí Ọlọ́run!” Gbogbo ìta hó yèè. Àgùntàn kúkú pọ̀ lọ́jà nígbà náà, wọn kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ràhámọ̀tù wà lẹ́yìn àwọn obìnrin, ó ń di ewúro tí òun àti ìyá rẹ̀ máa rù lọ sí ọjà Ìwó lọ́jọ́ kejì. Obìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó ní, “Ìwọ ni wọ́n ń wí.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ara rẹ̀.

Àlùfáà Yẹ̀kínì kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò nà án rí, kò fi ebi pa á rí, ẹran ọjọ́ Jímọ̀ kò sì yẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìkà ni, Ràhámọ̀tù ì bá mọ ẹni tí òun ì bá máa bínú sí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́hàá ni gbogbo ìyàwó ilé náà. Ọmọbìnrin tó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà Olúpọ̀nnà sí Ìwó láti ìgbà tó ti lè gbé ẹrù sórí, ó wọnú ilé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Láti iyàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ mọ. Bí òkú bá kú tàbí tí wọ́n bá gbà á láyè láti lọ kí ẹni tó bímọ, á bo ara àti ojú, á tẹ̀lé ẹni tó ń mú un lọ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ nìkan ló sì máa ń rí. Ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni oko ọkàn rẹ̀. Bó bá ń lọ ata, ọ̀nà náà ló ń rò: ibi tí odò gbé gé e kọjá, ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi.

Ọdún tó wọlé ni òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó ń kọjá lọ wá ń rí inú ilé, Àlùfáà kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Búráímọ̀ ní òun á bá àna òun ṣe ọgbà. Ó gé ewúro tútù nínú igbó rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà, ó rù ú wá, ó rì í mọ́lẹ̀ yíká, ó sì so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn. Ó ní ikán kì í jẹ ewúro nítorí kíkorò rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ọgbà náà fi hewé. Ewúrẹ́ jẹ èyí tó jẹ, wọ́n fa èyí tí wọ́n fà tu nígbà tí wọ́n tún ògiri mọ, ó wá ku ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Òun ló di igi. Ràhámọ̀tù rò ó títí. Àgbẹ̀ tó ti ń dáko láti kékeré, ṣé ó lè ṣàì mọ̀ pé ewúro tútù kì í kú bí a bá rì í mọ́lẹ̀? Ṣé ó gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbin igbó ilé fún ọmọ rẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò lè tọrọ àforíjì? Kí ó tó ráyè bi í, bàbá náà kú.

Àkọ́bí Ràhámọ̀tù ni Ṣàfíù. Nígbà tó tó láti já a lẹ́nu ọmú, ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún òun náà. Ó já ewúro, ó gbo ó, ó sì fi omi rẹ̀ tó ki pa orí ọmú méjèèjì. Ọmọ a fẹnu kàn án, á ké. Á tún padà wá, á tún ké, títí á fi gbà pé ayé ti yí padà.

Inú ìjálẹ́nu ọmú yìí ni wọ́n wà nígbà tí ìyálé rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù, gbé ọmọ jòjòló kan wọlé. Àbúrò Ṣẹ̀fíátù ló bí i ní Ilé-Ogbó, àìsàn sì ti pa ìyá náà. Mùrí ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àlùfáà wà níbi òkú ní Ilé-Ogbó, kò sí ẹlòmíràn nílé.

“Fún un lọ́mú, Ràhámọ̀tù,” ni Ṣẹ̀fíátù wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Má jẹ̀ẹ́ kí èyí náà kú sí mi lọ́wọ́.”

Àánú ọmọ náà ṣe Ràhámọ̀tù débi pé ó gbàgbé ohun tó wà lórí ọmú. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mùrí gbá a mú pẹ̀lú gbogbo ebi tó ń pa á. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ rún jọ, ó tu ú síta, ó ké igbe kan tí Ràhámọ̀tù kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. “Yéè, ewúro!” Ó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọṣẹ fọ ọmú, ó tún un fọ̀, ó padà wá. Àmọ́ ọmọ náà kò gbà mọ́. Ó pa èrìgì pọ̀, ó ń yí orí kúrò. Bí wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, kò lanu. Nígbà tó yá, Ṣẹ̀fíátù gbà á, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi ẹ̀kọ fún un mu, ọmọ náà sì sùn. Lọ́jọ́ kejì àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ wá gbé e lọ fún obìnrin mìíràn tó ń tọ́mọ ní Ilé-Ogbó.

Ó dun Ràhámọ̀tù gan-an. Ó jókòó sábẹ́ ewúro, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Òun àti ìyálé rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, nítorí kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ láàárín àwọn obìnrin méjèèjì. Ìyálé kì í bú u, kì í sì í bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fi Sàlámọ̀tù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ṣẹ̀fíátù bí, ṣe sàráà fún àlùfáà kan ní Ìlọrin. Ibi tó ti fẹ́ bímọ ló kú sí. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá kí ìròyìn tó dé Ìwó. Ṣẹ̀fíátù kò lè lọ. Ta ni ẹlẹ́hàá ń tọ̀ lọ ní Ìlọrin, nígbà tí òkú ti wọlẹ̀? Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fẹ̀yìn ti igi ewúro, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sunkún. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ se oúnjẹ fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti túbọ̀ dín.

Ní ti Ràhámọ̀tù, ewúro ló gbà á. Ó ń já a, ó ń fi iyọ̀ gbo ó, ó ń fi omi ṣàn án títí kíkorò rẹ̀ á fi ku ìwọ̀nba, á sì mọ ọ́n ní òkìtì-òkìtì sínú abọ́. Dúpẹ́, obìnrin onígbàgbọ́ kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Odò-Orí, ló ń wá gbé e. Gbogbo ọjà ló mọ “ewúro ilé Àlùfáà,” ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọwọ́ tó fọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn a máa sọ pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni adùn náà ń bá, kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń korò láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni Fàsílátù. Ọmọ yìí gba ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Bó ti lè gbé igbá báyìí ló ti ń kiri ewúro, ibi tí wọ́n rán an kọ́ ló sì ń mọ sí. Bó bá dé, á jókòó ti ìyá rẹ̀, á máa ròyìn ìgboro: ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun, ilé tí wọ́n kan páànù sí lórí, àwọn ọmọ ìwé ọ̀fẹ́ tí wọ́n tò lọ bí eèrà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ó ní lọ́jọ́ kan lọ́rì kọ lu ewúrẹ́ kan lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ dìde ó bá tirẹ̀ lọ, lọ́rì ló kú síbẹ̀. Ràhámọ̀tù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú Fàsílátù ló fi ń rí Ìwó, ẹsẹ̀ Fàsílátù ló fi ń rìn.

Dúpẹ́ ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn ọmọge ní ìránṣọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú Fàsílátù lọ síbẹ̀. Ràhámọ̀tù ti gbà nínú ara rẹ̀. Ó kàn ń dúró kí àwẹ̀ parí kó tó bá Àlùfáà sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ lónìí ló so mọ́ etí aṣọ di ọ̀la.

Nínú àwẹ̀ yẹn, ní nǹkan bí ọdún 1957, Mùrí wá ṣe wáàsí níwájú ilé Àlùfáà Yẹ̀kínì. Ọmọ jòjòló ọjọ́sí ti di àlùfáà pàtàkì ní Ilé-Ogbó, ohùn rẹ̀ dùn, ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì le. Ó ti ní ìyàwó kan nínú ẹ̀há, wọ́n sì ní obìnrin náà kò tíì rí ìta láti ọjọ́ tó ti wọlé. Àwọn obìnrin ilé jókòó sẹ́yìn fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ó ní, “Obìnrin tó bá lè ka iye ojúlé tó wà ládùúgbò, ojú rẹ̀ ti là jù.” Fàsílátù, tó mọ gbogbo ojúlé láti ilé wọn dé ọjà àti ẹni tó ń gbé ibẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì jáde nígbà tí Àlùfáà Yẹ̀kínì dìde. Omijé ayọ̀ wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Mo fi Fàsílátù ọmọ mi ṣe sàráà fún Àlùfáà Mùrí, nítorí Ọlọ́run.” Ìta hó yèè.

Ó dà bí ẹni pé bàbá Ràhámọ̀tù ló tún jí dìde tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìdì ewúro lọ́wọ́.

“Ìyá mi, ẹ gbà mí,” ni Fàsílátù wí nígbà tó ku àwọn méjèèjì. Ó di ìró ìyá rẹ̀ mú bí ọmọdé. “N ó kú síbẹ̀. Ẹ gbà mí, ẹ jọ̀ọ́.”

Ràhámọ̀tù tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ náà kéré, ó ní Ìbàdàn ni ọkàn rẹ̀ wà. Àlùfáà gbọ́ ọ tán. Kò jágbe. Ì bá sàn kó jágbe.

“Ìyá Ṣàfíù,” ni ó wí, “ohun tí mo ti gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ṣé kí n na ọwọ́ lọ gbà á padà? Bàbá tìrẹ kò gbà ọ́ padà. Ó tì. Àfi bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá sọ pé àwọn méjèèjì léèwọ̀ fún ara wọn.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló tẹ̀lé e dé abẹ́ igi. Ràhámọ̀tù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà nínú ilé yẹn, kò sí ẹ̀kọ́ tí Àlùfáà kọ́ àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò gba ara ògiri wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó mọ òfin ọmú. Ọmọ tí obìnrin kan bá fún lọ́mú, tí ó sì gbé e mì, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ti di ọmọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ tí obìnrin náà bí. Obìnrin méjì ló gbọdọ̀ jẹ́rìí sí i.

Bí ó bá gbé e mì.

Lẹ́yìn ìṣínu, ó já ewé ewúro kan, ó rún un lẹ́nu ní tútù, ó jẹ́ kí kíkorò rẹ̀ wọ òun lọ́fun. Ó ń gbìyànjú láti rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó rí ojú ọmọ náà tó rún jọ. Ó gbọ́ igbe rẹ̀. Kò sí ibi tó lè fi gbígbé mì sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run sì ń bà á gidi, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Bó bá sọ òtítọ́, ọmọ rẹ̀ wọ ẹ̀há. Bó bá purọ́, iná ọ̀run ń dúró de òun. Ògiri ni níwájú, ògiri ni lẹ́yìn. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹlẹ́rìí kejì kì í ṣe ẹlòmíràn, Ṣẹ̀fíátù ni, tí Mùrí jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ti ń dùn láti ọjọ́ wáàsí, tó ń yan ẹ̀pà, tó ń lọ èlùbọ́ ìgbéyàwó. Ràhámọ̀tù kò ní ìgboyà láti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn àwẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú yìgì, ó wọ yàrá ọkọ rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀. “Àlùfáà, ẹ dárí jì mí. Mo fún Mùrí lọ́mú rí.”

Àlùfáà gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀. “Kí lo wí?”

“Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Tí ẹ wà níbi òkú ní Ilé-Ogbó. Wọ́n gbé e wá síbí, ebi ń pa á. Ewúro tí mo fi ń já Ṣàfíù lẹ́nu ọmú wà lórí ọmú, ó kọ́kọ́ ké. Mo lọ fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà dé, ó gbà á.”

“Ó gbé e mì?”

“Ó gbé e mì.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Mo gbàgbé, Àlùfáà. Ó ti pẹ́. Ìgbà tí mo ń já ewúro ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn.”

Àlùfáà dìde, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé Àlùkùránì wá. Ràhámọ̀tù gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ tó ti mu omi ewúro fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó sì búra. Ilẹ̀ kò lanu. Ó yà á lẹ́nu pé ilẹ̀ kò lanu.

“Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ?”

“Ìyálé mi.”

Wọ́n pe Ṣẹ̀fíátù. Ó wọlé pẹ̀lú èlùbọ́ lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Àlùfáà ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ràhámọ̀tù kò lè wo ojú rẹ̀, ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ló ń wò.

Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràhámọ̀tù. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àlùfáà, ẹ mọ̀ pé ọmọ àbúrò mi ni Mùrí. Kò sí ẹni tó fẹ́ ìgbéyàwó yìí nínú ilé yìí jù mí lọ.”

Ó parí, ni Ràhámọ̀tù wí nínú ara rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ó mu ún,” ni Ṣẹ̀fíátù wí. “Èmi ni mo gbé e fún un. Ó mu ún títí ó fi sùn.”

Ó fọwọ́ nu ara ìró rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, òun náà búra. Àlùfáà Yẹ̀kínì bú sẹ́kún. Ó ní Ọlọ́run ló yọ òun, ó ní díẹ̀ ló kù kí òun so tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀ nínú ilé ara òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó ṣàdúrà fún wọn pé Ọlọ́run yóò san án fún wọn. “Àmín,” ni wọ́n wí, kí ni wọn ì bá tún wí?

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìdáná, Ràhámọ̀tù wólẹ̀ fún ìyálé rẹ̀, ó fẹ́ máa dúpẹ́.

“Dìde,” ni Ṣẹ̀fíátù wí. “Kì í ṣe nítorí tìrẹ. Sàlámọ̀tù ni mo ṣe é fún. Bí ẹnì kan bá ti purọ́ fún èmi náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ọmọ mi ì bá wà láyé.” Ó yíjú sí èlùbọ́ rẹ̀. “Má bá mi sọ ọ́ mọ́ láéláé.” Ràhámọ̀tù kò sì bá a sọ ọ́ mọ́.

Fàsílátù bá Dúpẹ́ wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn. Ibi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni ìyá rẹ̀ sìn ín mọ. Ọmọ náà dì mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí pé, “Ìyá mi, ṣé òótọ́ ni?” Ràhámọ̀tù ní, “Lọ kọ́ṣẹ́ rẹ, ọmọ mi. Máa wo ọ̀nà o.” Ọmọ náà lọ, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ náà bá a lọ.

Ràhámọ̀tù rò pé ó parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mùrí ni. Ràhámọ̀tù dìde láti sá wọ yàrá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́hàá ti ń ṣe bí ọkùnrin bá wọlé, ṣùgbọ́n Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ibo lò ń sá lọ? Ọmọ rẹ ni.”

Mùrí tó le ní ìta, tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, ṣí fìlà lórí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀. Kò dìde bọ̀rọ̀. “Ìyá mi,” ni ó wí. Ó tún un wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. “Ẹ má bínú pé n kò wá láti ọjọ́ yìí. N kò mọ̀ ni. N kò rí ẹni pè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.”

Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sí Jímọ̀ tí Mùrí kò wá. Ó gbé iyọ̀ wá, ó gbé ṣúgà wá, ó ra aṣọ. Bó bá jókòó níwájú rẹ̀, líle rẹ̀ a ká kúrò lójú rẹ̀, á máa bi í léèrè bí ìyá rẹ̀ tó bí i ṣe rí, bí òun ṣe sunkún tó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òun wá. Ó fẹ́ràn ìtàn náà. Ràhámọ̀tù ní láti sọ ọ́ fún un léraléra, bó sì ṣe ń sọ ọ́ ló ń búra èké lákọ̀tun. Èyí tó burú jù ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó dé, á máa fetí sí ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ rẹ̀ kò sì gba ewúro mọ́. Bó bá na ọwọ́ sí ẹ̀ka báyìí, igbe ọmọ jòjòló náà ló ń gbọ́. Dúpẹ́ wá títí, ó sú u, ó wá ibòmíràn lọ rà. Igi náà gbó, kò sí ẹni tó já a. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó tanná funfun láti òkè délẹ̀, oyin bò ó. Àwọn aládùúgbò ń na ọrùn wò ó, wọ́n ní ó dára.

Ní Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́ yẹn, Mùrí jókòó lójú fèrèsé, ó ń wo òdòdó náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Láti kékeré mi, n kì í jẹ ewúro. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ títí, bí wọ́n bá da ẹran àti ẹ̀gúsí lé e, bó bá ti kan ahọ́n mi báyìí, n ó tu ú dànù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ní Ilé-Ogbó. N kò mọ ìdí rẹ̀ àfìgbà tí Àlùfáà sọ ohun tí ẹ búra lé lórí fún mi. Àwọn kan ní kí n má gbà á, wọ́n ní àwọn obìnrin kò fẹ́ fún mi lọ́mọ ni. Mo ní rárá. Mo ní ahọ́n mi ni ẹlẹ́rìí kẹta.”

Ràhámọ̀tù wò ó. Òótọ́ ni, ahọ́n náà rántí. Ó rántí gbogbo rẹ̀ ju òun lọ, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ni ín kò gbọ́ ohun tó ń wí.

“Ohun kan tún kù,” ni Mùrí wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Mo ti bá Àlùfáà sọ ọ́, wọ́n ti gbà. Ẹ ti sọ fún mi bí ọkàn yín ṣe ń fà sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ọmọ ló yẹ kó mú ìyá rẹ̀ rìn, kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ. A kò ní í wọ lọ́rì. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó sinmi níbi tí ẹ bá fẹ́ sinmi. A ó dé ibojì bàbá yín, a ó ṣàdúrà, ẹ ó sì fi igbó tí wọ́n ti gé ewúro yẹn hàn mí.”

Ọ̀nà náà là sílẹ̀ níwájú Ràhámọ̀tù gbangba. Ó rí odò, ó rí ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ilé yẹn ló ti ń bẹ Ọlọ́run fún un. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ gbà, ẹni tó máa mú un lọ jókòó síwájú rẹ̀. Ó kàn ní láti dìde ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ló máa di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú ọ̀nà náà, yóò máa pè é ní ìyá ní gbogbo ìṣísẹ̀, dé orí sàréè bàbá tó fi ẹnu tirẹ̀ tà á. Ó mọ̀ pé òun kò ní lè rìn ín.

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọmọ mi,” ni ó wí.

Àánú ṣe Mùrí. Ó ní kí Ṣẹ̀fíátù bá òun wá òrí, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Àlùfáà Mùrí ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé orí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí ra á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ tí kò dùn ún.